Iṣu Ló Ń Gun Òkè: Ilẹ̀ àti Ọrọ̀ Ajé Ìdànrè

Bí a bá kó ìtàn ogún ìlú Yorùbá jọ, a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá òkè kiri nínú wọn. Ẹ̀gbá kò lè pìtàn kí wọ́n má dárúkọ Olúmọ. Ìbàdàn ń bọ Òkèbàdàn lọ́dọọdún. Ará Ìkẹ́rẹ́ ní Olósùnta, ará Adó-Àwáyè sì ní òkè tí adágún omi wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí omi inú àwo. Àwọn òǹkọ̀wé wa ti sọ púpọ̀ lórí bí òkè ṣe jẹ́ ibi ìsádi lọ́jọ́ ogun àti ojúbọ lọ́jọ́ àlàáfíà. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé wọn kì í sábà sọ bí àwọn tí ń gbé orí òkè ṣe ń jẹun. Ibo ni wọ́n ń dáko sí? Ta ní ń gbé oúnjẹ gòkè? Kí ni wọ́n ń tà, ta ni wọ́n sì ń tà á fún? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ fi wo ìlú kan ṣoṣo, èyí tí òkè rẹ̀ ga ju ti ọ̀pọ̀ lọ, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gbé orí òkè náà títí di àwọn ọdún 1920. Ìdànrè ni ìlú náà.

Ọ̀fà ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìlú orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ojú ń ríran jìnnà, tí ẹni tó bá fẹ́ gun ibi gíga níbẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láti gun igi. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òkè fi máa ń fà mí mọ́ra. N óò máa fi Ọ̀fà wé Ìdànrè níbi tó bá yẹ, nítorí pé ohun tó gba Ìdànrè là lọ́jọ́ ogun ni Ọ̀fà kò ní, ohun tó sì la Ọ̀fà lẹ́yìn ogun kò yà sí Ìdànrè rárá.

Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Àkúrẹ́. Ìlú mẹ́ta ni a mọ̀ jù lábẹ́ orúkọ yìí: Odòde tí ààfin Ọwá wà, Aládé, àti Atọ́sìn. Agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 1,914 kìlómítà níbùú lóròó, ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sì ka 129,024 ènìyàn níbẹ̀. Ilẹ̀ tó tóbi ni èyí fún iye ènìyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó lórí àwòrán ilẹ̀ lásán yóò ṣìnà. Apá kan nínú ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ tí ọkọ́ lè wọ̀. Akọ òkúta ni.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òkúta yìí, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta náà ti dì, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ohun gbígbóná tó yọ́ rọra tutù nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ni òjò àti afẹ́fẹ́ ń fọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí òkúta fi yọrí síta. Ìdí nìyẹn tí àwọn òkè Ìdànrè kò fi rí bí òkìtì tí ènìyàn lè rọra máa gùn. Orí wọn dán, ẹ̀gbẹ́ wọn ṣe gànnàkù bí ògiri, òmíràn sì dá dúró gedegbe láàrin igbó. Nínú wọn ni a ti rí èyí tó ga tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ìtẹ́jú òkun. Orósùn ni a mọ̀ jù nínú wọn, òrìṣà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni a sì ń bọ níbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún ọdọọdún.

Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkúta bẹ́ẹ̀, kò rí ibi wọlé sí. Ó ń ṣàn wálẹ̀ wàràwàrà, ó ń gba ihò àti pàlàpálá òkúta, ó ń gbá ewé jíjẹrà àti erùpẹ̀ lọ, ó sì ń dà wọ́n sílẹ̀ ní àfonífojì. Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ láti ayébáyé, ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fi sílẹ̀ ní Ìdànrè: ti òkè tí koríko kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìdí ta gbòǹgbò sí, àti ti ìsàlẹ̀ tí erùpẹ̀ rẹ̀ jìn, tí ó dúdú, tí omi kì í tètè gbẹ nínú rẹ̀. Igbó kìjikìji ni ìsàlẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ó sì tún kù díẹ̀ níbi tí àdá kò tíì dé. Àwọn ohun abẹ̀mí kan wà láàrin òkè àti igbó náà tí a kò tíì rí níbòmíràn. Ní 1963, onímọ̀ ará Denmark kan tó ń jẹ́ Arne Schiøtz kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ó rí ní òkè Ìdànrè. Títí di òní, Ìdànrè nìkan ni a mọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀lọ́ yìí ní gbogbo ayé.

Báwo ni ènìyàn ṣe dé orí irú òkè bẹ́ẹ̀? Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá Ìdànrè ti wá, lẹ́yìn Olófin, tí Agbóògùn, ògbójú ọdẹ àti oníṣègùn, sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀sẹ̀ Agbóògùn ni a ń fi han àlejò nínú òkúta títí di òní. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n rí òkè náà, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì pariwo pé ìdán rè é. Mo mọ̀ pé irú ìtumọ̀ orúkọ báyìí pọ̀ nílẹ̀ wa, àwa tí a ń kọ́ni ní èdè kì í sì í tètè gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan kan fún wa: àwọn tó dé ibẹ̀ kò rò pé ibẹ̀ jẹ́ ibi tí ènìyàn ń gbé. Ohun ìyanu ni wọ́n rí, wọn kò rí oko. Ìwé tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO ní 2007, kí wọ́n lè ka òkè Ìdànrè mọ́ ogún àjùmọ̀ni àgbáyé, sọ pé wọ́n gbé orí òkè náà fún ohun tó súnmọ́ 800 ọdún. N kò ní jà sí iye ọdún náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó pẹ́ tó kí ìlú ó di ìlú lórí òkè: ààfin tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti òpó gbígbẹ́, ojúbọ, itẹ́ òkú, àti nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì àti kóòtù.

Ààbò ni a ń rà pẹ̀lú ìnira òkè. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì jẹ́ ìgbà tí ààbò wọ́n bí ojú nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ ilé tú, Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ Fúlàní, Ìbàdàn di ìlú ológun, Èkìtìparapọ̀ sì bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì láti 1877 títí tí wọ́n fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Àwọn ìlú tó wà ní gbangba ni ó jẹ nínú ìyà náà jù. Ọ̀fà wà láàrin Ìlọrin àti Ìbàdàn, ó sì fara mọ́ Ìbàdàn. Ìlọrin dó tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fọ́ ìlú náà ní ìparí àwọn ọdún 1880. Samuel Johnson ròyìn ogun náà ní kíkún nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn ará Ọ̀fà fọ́n ká, ó sì di ẹ̀yìn ìgbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897 kí ìlú tó tún lè fìdí múlẹ̀ dáadáa. Kò sí òkúta tí Ọ̀fà lè gùn.

Àwọn ará wa tó wà ní ilẹ̀ Olómìnira Benin rí i gùn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń wá ẹrú kiri, orí òkè ni àwọn Ìdáàṣà àti àwọn Ṣábẹ̀ ń sá sí. Òkè tó yí wọn ká pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹkùn ìjọba tí wọ́n wà láti 1999, Collines ni orúkọ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí òkè ní èdè Faransé. Bákan náà ni ti àwọn Dogon ní Mali, tí wọ́n kọ́ ilé wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta Bandiagara. Òwò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àti orí sanwó oorun àsùndọ́kàn.

Mo sọ pé ẹsẹ̀ àti orí, nítorí pé kò sí ẹṣin tàbí kẹ̀kẹ́ tó lè ṣiṣẹ́ náà. Oko Ìdànrè wà ní ìsàlẹ̀. Iṣu, kókò, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá. Omi kò wọ́n lókè, nítorí orísun wà láàrin òkúta, àpáta gbígbóná sì dára púpọ̀ láti sá èlùbọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Òkè-Ògùn tàbí Èkìtì yóò ti mọ̀. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ náà, iṣu ni kí ó tó di èlùbọ́, ẹnì kan sì ní láti rù ú gòkè. Àtẹ̀gùn tí àwọn arìnrìn-àjò ń gùn lónìí lé ní 600, ó sì ní àwọn ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ọ̀dọ́ tí kò ru nǹkan kan yóò mí gúlegúle kó tó dé òkè. Ká wá fojú inú wo obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu karí, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí òkúta sì ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, fún ìran dé ìran. Nígbà tí a bá ń yin òkè pé ó gba ìlú là, ó yẹ kí a rántí pé orí àwọn obìnrin àti ọmọdé ni owó ìgbàlà náà ti ń jáde.

Ọrọ̀ ajé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ààlà tirẹ̀. Ohun tí a lè jẹ ni a ń rù gòkè, ohun tí a bá sì fẹ́ tà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí iye rẹ̀ pọ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Ẹran ìgbẹ́ wà, aṣọ híhun wà, egbòogi wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Láti nǹkan bí 1894 ni òwò rọ́bà wọ inú igbó gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ènìyàn ń ha èèpo igi ìrẹ́ láti gba oje rẹ̀. Òwò náà gbóná lójijì, wọ́n sì ha igi náà pa kí ọ̀rúndún tó parí. Kò pẹ́ lójú ayé, ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn ará igbó ní ẹ̀kọ́ kan tí wọn kò gbàgbé: ohun tí ẹnu kì í jẹ lè mówó wálé ju ohun tí ẹnu ń jẹ lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí ni kòkó bá nílẹ̀. J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí ìtòsí Agége ní nǹkan bí 1880. Àwọn ọ̀dọ́ láti Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó lọ ṣe alágbàṣe lọ́dọ̀ àwọn olóko Agége, wọ́n sì di irúgbìn kòkó mọ́ ẹrù wọn nígbà tí wọ́n ń padà sílé. Kòkó kì í ṣe igi tí ń gbé ibi gbogbo. Ó ń fẹ́ òjò tó tó 1,250 mìlímítà lọ́dún, kí òjò náà sì pín káàkiri oṣù. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ jíjìn, ó ń fẹ́ ìbòòji, kò sì fẹ́ ọyẹ́ púpọ̀. Ọ̀fà kò lè fún un ní èyí, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn tiwa gùn, afẹ́fẹ́ ọ̀dàn sì ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dùnkún ni ilẹ̀ tiwa mọ̀ ọ́n ṣe, a sì dúpẹ́. Àfonífojì Ìdànrè ní ohun gbogbo tí kòkó ń béèrè, ó ti ń kó o jọ láti ìgbà tí òkúta ti yọrí.

Nínú àwọn ọdún 1920 ni Ọwá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ọdún 1923 ni ọ̀pọ̀ ìwé fi sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tó tó bẹ́ẹ̀ kò lè kó wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀làjú ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀: ogun ti tán, òyìnbó ti dé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ń bọ̀, kí ni ènìyàn tún ń ṣe lórí àpáta? Òótọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò tó. Ogun ti tán láti 1893, síbẹ̀ wọ́n tún lo nǹkan bí 30 ọdún lókè. Àwọn míṣọ́nnárì pàápàá gun òkè lọ bá wọn, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí i níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé àti ìjọba nìkan ni, ìwé àti ìjọba ti bá wọn lókè.

Ìdáhùn tí mo rí wà nínú ẹrù. Iṣu ni a ń gbé gun òkè, kòkó kì í gun òkè. Iṣu ń lọ sí ibi tí ẹnu wà, ẹnu sì wà lórí òkè. Kòkó ń lọ sí Èkó, ó ń ti Èkó lọ sí ìlú òyìnbó, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó fọ́ kòkó ní oko yóò kó o jọ, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, yóò sá a, yóò máa rò ó, yóò máa wo ojú ọ̀run kí òjò má bàa pa á, lẹ́yìn náà ni yóò dì í sínú àpò. Àpò kan wúwo tó 62.5 kìlógíráàmù, mẹ́rìndínlógún ló sì ń pé tọ́ọ̀nù kan. Òótọ́ ni pé kò sí ibi ìsákòkó tó dára tó orí àpáta, ṣùgbọ́n aṣiwèrè wo ni yóò ru kòkó tútù gòkè láti lọ sá a, kí ó tún ru gbígbẹ sọ̀kalẹ̀ láti lọ tà á? Àgbẹ̀ ní láti sùn sí ìdí kòkó rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ahéré ló kọ́. Nígbà tó yá, ahéré gba páànù. Nígbà tí ìyàwó àti ọmọ bá sì ti ń gbé ilé onípáànù nísàlẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ nínú ọdún, ilé òkè ti di ilé ọdún. Bí mo bá rò ó síwá sẹ́yìn, ó dà bíi pé ìlú ti sọ̀kalẹ̀ kí ọba tó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ti Òkèhò. Àwọn náà jẹ́ ará orí òkè, ní apá ìhín Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ àti ní Ìsẹ́yìn ní 1916 lòdì sí ètò ìjọba àwọn òyìnbó, ìjọba kó wọn kúrò lórí òkè lọ sí ibi tí wọ́n wà báyìí, níbi tí ọlọ́pàá lè tètè dé. Agbára ló sọ Òkèhò kalẹ̀. Àwọn Dogon náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti fòpin sí ogun, ilẹ̀ oko ni wọ́n sì ń wá ní tiwọn. Ìdànrè súnmọ́ ti Dogon ju ti Òkèhò lọ.

Nísinsìnyí ni a wá dé ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù dé Ọ̀fà ní 1908, kí ó tó kọjá sí Jẹ́bà ní 1909. Ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà kò fẹ́ràn òkè. Iléṣà tó jẹ́ olú ìlú gbogbo Ìjẹ̀ṣà, kò yà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yà sí Èkìtì tàbí Oǹdó. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ kí ogun rí Ọ̀fà ni ó jẹ́ kí irin rí i. Àwọn ará Ọ̀fà di oníṣòwò ojú irin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tẹ̀ síwájú dé Gáná, títí tí ìjọba ibẹ̀ fi lé wọn wálé ní ìparí 1969. Ìdànrè kò ní irin. Kòkó rẹ̀ ní láti fi orí rin dé ọ̀nà mọ́tò, kí mọ́tò sì gbé e gba Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ní kòkó kò nílò láti rìnrìn-àjò lọ wá owó. Owó ló ń wá a bọ̀.

Kì í ṣe owó nìkan ló ń bọ̀. Kòkó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ nígbà ìro àti nígbà ìkórè, àwọn ọmọ Ìdànrè kò sì tó. Àwọn ènìyàn wá láti Àkókó, láti ilẹ̀ Ìgbìrà, láti apá Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, àti láti Ìpínlẹ̀ Benue. Àwọn kan ń gba owó iṣẹ́, àwọn kan ń tọ́jú oko kí wọ́n lè pín èso pẹ̀lú olóko, àwọn mìíràn sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ibí yìí ni kòkó ti da ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rú. Lábẹ́ iṣu, ẹni tó gba ilẹ̀ yóò lò ó fún ọdún díẹ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Kòkó kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Igi tí a gbìn yóò lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so, yóò sì máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yóò jogún rẹ̀, a lè fi dógò gbowó, a lè pín in níbi ìsìnkú. Ta ló wá ni ilẹ̀, onílẹ̀ ni tàbí ẹni tó gbin igi? Kóòtù ilẹ̀ Yorùbá kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Nígbà tí ilẹ̀ ìtòsí kò sì sinmi mọ́, ẹni tó bá fẹ́ oko tuntun gbọ́dọ̀ wọnú igbó sí i, títí tí àdá fi dé inú igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀.

Nípa ti owó kòkó fúnra rẹ̀, ìjọba amúnisìn dá àjọ tí yóò máa ra kòkó ní iye kan sílẹ̀ ní 1947, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sì ní tirẹ̀ ní 1954. Àjọ náà ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó kéré sí èyí tó ń tà á lókè òkun. Nínú àfikún yẹn ni ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti rí owó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tó fi gbé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ ní 1959, tó fi kọ́ Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní 1965, tó sì fi dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1962. Èmi àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi jẹ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fọ́ kòkó kan rí. N kò sọ pé ìlò burúkú ni wọ́n lo owó náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tó bi àgbẹ̀ Ìdànrè léèrè bí ó bá fẹ́ kí àwọn fi kọ́ ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Ìbàdàn, nígbà tí ojú ọ̀nà oko rẹ̀ ń di ẹrẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní nǹkan bí 1970, Nàìjíríà ń kórè tó 300,000 tọ́ọ̀nù kòkó lọ́dún. Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì gba ojú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó kòkó rán níwèé kò padà sí oko kòkó, èyí kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí kí wọ́n má bàa padà ni àwọn baba wọn ṣe rán wọn níwèé. Nígbà tí ìjọba tú àwọn àjọ arajà náà ká ní 1986, iye kòkó fò sókè, gbogbo ẹni tó ní òṣùwọ̀n di oníkòkó. Ọ̀pọ̀ igi ti darúgbó nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, iye tí kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí, ó sì tún já wálẹ̀ púpọ̀ ní 2025. Ẹni tí igi rẹ̀ ṣì lágbára jèrè. Ẹni tí igi rẹ̀ ti gbó, tí àrùn tí ń sọ èso di dúdú sì ti wọ oko rẹ̀, ìròyìn ni ó gbọ́. Igi tó bá sì gbìn nítorí ìròyìn náà, ọjà mìíràn ni yóò bá nígbà tó bá so.

Ní ìgbà tiwa, ojú àlejò ni ìjọba ń wò láti ọ̀dọ̀ òkè náà. Ìṣèjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, tó wà lórí oyè láti 2009 sí 2017, gbé ayẹyẹ gígun òkè kan kalẹ̀ ní Ìdànrè, tí a pè ní Mare, àwọn agùnkè sì ti òkèèrè wá. Mo fẹ́ kí àlejò máa wá. Ṣùgbọ́n kí a wo ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti so èso. Ní orílẹ̀-èdè Kòríà ti Gúúsù, àgbègbè olókè kan wà tó ń jẹ́ Pyeongchang. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, ọ̀dùnkún òyìnbó àti ewébẹ̀ tó fẹ́ràn òtútù, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì ń lọ sí Seoul gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe ń lọ sí Èkó. Wọ́n béèrè ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù fún 2010, wọn kò rí i gbà. Wọ́n béèrè ti 2014, wọn kò rí i gbà. Wọ́n gba ti 2018. Kí àlejò tó dé, ìjọba ti gbẹ́ inú òkè já, ọkọ̀ ojú irin asáré sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá ní ìparí 2017. Àlejò lọ, irin kù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ará abúlé ń wọ̀ lọ sọ́jà lẹ́yìn náà. Ní tiwa, nígbà tí wọ́n bá ká àgọ́ ayẹyẹ, ọ̀nà oko ni ó yẹ kí a lọ wò, kí a mọ̀ bóyá ohun kan yí padà níbẹ̀.

Òkè náà kò tíì ṣófo. Ààfin àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn òpó rẹ̀ sì dúró. Nígbà ọdún, àwọn tó ní orò ṣì ń gòkè lọ ṣe é, nítorí itẹ́ àwọn ọba tó ti wàjà kò bá wọn sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ààfin náà lẹ́yìn ìkórè yóò rí páànù Odòde tó ń dán nísàlẹ̀, yóò rí ibi ìsákòkó tó pupa láàrin àwọn ilé, yóò sì rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń yípo ìdí òkúta lọ sí Àkúrẹ́.